Ọmọ mi fẹ́ máa wá aràn nínú ìfun àkùrákùdà: ṣé iṣẹ́ gidi ni?

Ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín ní ọjà Ìgbọ̀nà níbí ní Òṣogbo ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi obìnrin kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko jáde ní yunifásítì, ó sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Mo rò pé yóò wá iṣẹ́ ìjọba tàbí iṣẹ́ báńkì. Ó ní òun kò ṣe, òun fẹ́ máa ṣe ìwádìí aràn tó ń gbé inú àkùrákùdà (shark) àti inú ẹja pẹlẹbẹ onírù gígùn tí wọ́n ń pè ní stingray. Àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹja má lọ gé e jẹ, kí aràn má lọ wọ inú rẹ̀. Níbo sì ni òkun wà ní Òṣogbo? Ta ni yóò sanwó fún un? Bàbá rẹ̀ fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún wa ní ọ̀nà Ìlobùú. Ṣé kí n tà á, kí n fi rán an lọ sí òkè òkun kó lè kà á dáadáa?”

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó. Mo fara balẹ̀ ka lẹ́tà yín. Ìbéèrè inú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ: ṣé owó ilé-ìwé tí ẹ fi ẹja títà san kò ní já sí òfo? Iṣẹ́ aràn ẹja ni èmi náà gbé ṣe láti ìgbà èwe mi. Ẹja odò ni mo fi bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé orí ẹja òkun, nítorí náà ohun tí mo fojú rí ni n ó sọ. Iṣẹ́ gidi ni ọmọ yín fẹ́ ṣe. Àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀ láyé, ó gba sùúrù, owó rẹ̀ kì í sì í tètè dé. Bí ó bá mọ gbogbo èyí tó sì tún ní òun yóò ṣe é, mo wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù àkùrákùdà kúrò lọ́kàn yín. Fíìmù tí ènìyàn ti wà nínú àgò irin lábẹ́ omi, tí ẹja ńlá ń yí i po, kò kan iṣẹ́ yìí rárá. Inú ìfun ni aràn tí a ń wá wà, kò sì sí bí a ṣe lè la ìfun ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́. Òkú ẹja la fi ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ọmọ yín yóò máa ṣe ni pé yóò dé etí omi ní ìdájí, yóò dúró de ọkọ̀ àwọn apẹja, yóò sì máa bẹ àwọn ìyá tó ń gba ẹja lọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun yọ ìfun kí wọ́n tó gé ẹja náà sí wẹ́wẹ́. Ìfun tí wọ́n fẹ́ dà nù ni à ń tọrọ. Ibi tí mo ti rí ewu nínú iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ibi tí ẹ ń wò. Stingray ní ẹ̀gún oró nínú ìrù rẹ̀, ẹ̀gún náà sì lè gún ènìyàn bí ẹja tilẹ̀ ti kú, nítorí náà òun la kọ́kọ́ ń gé kúrò. Ọgbẹ́ ọwọ́ tí omi òkun bá wọ̀ lè di egbò ńlá, kí ó má fi ibọ̀wọ́ ṣeré. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù ni fọ́málínì tí a fi ń tọ́jú aràn kó má bàa rà. Àjọ ìlera àgbáyé nípasẹ̀ ẹ̀ka rẹ̀ tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Mo ti rí yàrá ìwádìí tí wọ́n ti ń dà á láti inú ìgò kan sí òmíràn láìṣí fèrèsé, inú mi kò sì dùn sí i. Bí ẹ bá fẹ́ bi ọmọ yín ní ìbéèrè kan nípa ààbò rẹ̀, ẹ bi í bóyá afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi tó ti ń lo fọ́málínì.

Ní ti aràn, kò ní wọ inú rẹ̀. Aràn pẹlẹbẹ (tapeworm) tó ti dàgbà nínú ìfun àkùrákùdà kò lè gbé inú ènìyàn. Ara àkùrákùdà kún fún yúríà, èyí tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ sí ajílẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ara ẹja náà lè bá iyọ̀ òkun dọ́gba, òun náà ló ń di òórùn kíkan tó máa ń gba imú bí ẹran rẹ̀ bá ti pẹ́ nílẹ̀. Ara aràn tó ń gbé inú rẹ̀ náà ní yúríà, nítorí irú ilé yẹn ló mọ̀. Ìfun ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin fúnra yín sì ti ń bá àwọn mọ̀lẹ́bí aràn yìí pàdé lójoojúmọ́ láìmọ̀. Bí ẹ bá la inú kòtẹ̀ tàbí Títù, tí ẹ rí aràn funfun tín-ín-rín tó ká jọ sára ìfun, Anisakis nìyẹn sábà máa ń jẹ́. Inú àbùùbùtán àti àwọn ẹran omi tó ń fọ́mọ lọ́yàn bíi tirẹ̀ ló ti ń dàgbà, kì í ṣe inú àkùrákùdà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ẹ ó rí kóró funfun kékeré nínú ẹran ẹja tàbí lára ògiri ikùn rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ ọmọ aràn tí a ń pè ní Trypanorhyncha, tó ń dúró de ọjọ́ tí àkùrákùdà tàbí stingray yóò gbé ẹja náà mì. Méjèèjì ló ń kú bí ẹja bá wà nínú òtútù −20°C fún ọjọ́ 7, méjèèjì ló sì ń kú bí a bá se ẹja jinná. Pẹ̀lú bí iná mànàmáná wa ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má fi gbogbo ọkàn tán yìnyín. Iná ìdáná ló dájú. Ènìyàn díẹ̀ wà tí ara máa ń yún bí wọ́n bá jẹ ẹja tó ní Anisakis, bó tilẹ̀ ti kú. Bí oníbàárà yín kan bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má pè é ní òpùrọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ gé ibẹ̀ kúrò kí ẹ sì din ẹja yín dáadáa.

Àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ sọ pé kì í ṣe ojú lásán. Ó yé mi. Lọ́dọ̀ wa, aràn jẹ́ ohun tí a ń lo oògùn sí kó lè jáde kíákíá, kì í ṣe ohun tí ọmọ tó kàwé ń wá lọ. Àṣìmọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a rò pé ibi tí aràn bá wà, àìsàn ló wà níbẹ̀. Inú àkùrákùdà kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ní aràn pẹlẹbẹ nínú ìfun, wọ́n sì ń ṣọdẹ, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń darúgbó. Bí mo bá la àkùrákùdà tí n kò bá aràn kankan nínú rẹ̀, ẹnu máa ń yà mí. Lóòótọ́, kòkòrò àfòmọ́ tó ń ṣe é ní ibi wà. Ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ommatokoita elongata, ojú àkùrákùdà ilẹ̀ Greenland ló máa ń lẹ̀ mọ́, ó sì ń ba ojú náà jẹ́. Àwọn mìíràn ń lẹ̀ mọ́ awọ ara àti ibi tí ẹja fi ń mí, bí a bá sì ko irú ẹja bẹ́ẹ̀ sínú àgbá omi tí àwọn ènìyàn ń wò, wọ́n lè pọ̀ débi tí wọn yóò fi pa á. Ti inú ìfun yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ọkàn ọmọ yín wà bí mo ṣe rí i nínú lẹ́tà yín.

Ẹ gbọ́ bí ìfun náà ṣe rí, ẹ ó mọ ìdí tí ọkàn rẹ̀ fi fà sí i. Ìfun àkùrákùdà kúrú gan-an. Kí oúnjẹ má bàa yára kọjá nínú rẹ̀, Ọlọ́run fi awọ kan sínú rẹ̀. Nínú irú àwọn kan, awọ náà ń yí lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú àkùrákùdà olórí òòlù (hammerhead) àti àwọn ẹbí rẹ̀ mìíràn, ó ká jọ bí ẹní tí a ká. Nínú àwọn ìṣẹ́po yẹn ni aràn ń gbé, irú kan níwájú, irú mìíràn lẹ́yìn. Orí ni wọ́n fi ń di ibùgbé wọn mú, orí náà sì lẹ́wà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Trypanorhyncha ní ọwọ́ tín-ín-rín mẹ́rin tó kún fún ìwọ̀ wẹ́wẹ́, ó ń nà wọ́n jáde, ó sì ń fà wọ́n wọlé. Acanthobothrium ní ìwọ̀ oníka méjì lórí ibi ìfàmọ́ra rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú àwọn aràn yìí kì í gbé inú ju irú ẹja kan ṣoṣo lọ. Gbé e sínú ọmọ ìyá ẹja yẹn, kò ní gbà á. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ aràn dáadáa lè wò ó kó sì sọ pé àwọn ẹja méjì tí a ti ń pe ní orúkọ kan náà láti ọjọ́ yìí wá kì í ṣe irú kan náà.

Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yẹn ti yí iṣẹ́ yìí padà lójú ayé wa. Janine Caira ní Yunifásítì Connecticut àti Kirsten Jensen ní Yunifásítì Kansas kó àwọn onímọ̀ aràn pẹlẹbẹ jọ káàkiri àgbáyé láti 2008 sí 2017, wọ́n ń wá aràn inú ẹja, ẹyẹ àti ẹranko. Nígbà tí wọ́n parí, irú aràn pẹlẹbẹ tó ti ní orúkọ nínú àkùrákùdà àti stingray nìkan ti súnmọ́ 1,000, wọ́n sì gbà pé èyí tí kò tíì ní orúkọ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po. Kí wọ́n lè mọ ẹja tí wọ́n ń là dájú, Gavin Naylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ DNA ẹja 4,283 wò, wọ́n gbé e jáde ní 2012, irú 574 ni wọ́n rí níbẹ̀. Ṣáájú wọn, Louis Euzet ti fi ìwé ńlá jáde ní 1959 lórí aràn inú àkùrákùdà etíkun Faransé. Kí ẹ má sì rò pé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ni: ní Dakar tó wà létí òkun kan náà pẹ̀lú wa, Cheikh Tidiane Bâ ti kọ púpọ̀ nípa bí àtọ̀ àwọn aràn yìí ṣe ń di pípé, gbogbo onímọ̀ aràn pẹlẹbẹ ló sì mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ yìí. Bí ẹja bá ti bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, a ó yà á ní fọ́tò ní ẹ̀yìn àti ní ikùn, a ó wọ̀n ọ́n, a ó fún un ní nọ́ńbà, a ó sì gé ẹran díẹ̀ lára rẹ̀ sínú ẹtanóòlù fún DNA. Ẹni tó bá fo èyí ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, nítorí bí wọ́n bá ti gé orí àti lẹbẹ rẹ̀ kúrò, ojú lásán kò lè mọ irú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó yọ ìfun, tí a ó là á gbọọrọ sínú omi oníyọ̀, tí a ó máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tú aràn kúrò níbi tó ti di ara mú, láìjẹ́ kí orí rẹ̀ já. Orí tó bá já ti bọ́. A kò gbọ́dọ̀ pẹ́, pàápàá nínú ooru ilẹ̀ wa, torí aràn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rà láìpẹ́ tí ẹja bá ti kú. A ó fi àwọn kan sínú fọ́málínì kí ìrísí wọn lè dúró, a ó fi àwọn kan sínú ẹtanóòlù fún DNA. Nígbà tí a bá dé yàrá ìwádìí ni a ó rẹ wọ́n ní aró, tí a ó tẹ́ wọn sórí gíláàsì, tí a ó wá jókòó ti máíkírósíkóòpù. Ìpín kọ̀ọ̀kan lára aràn pẹlẹbẹ yìí ló ní nǹkan akọ àti nǹkan abo pa pọ̀, a ó sì máa ka kórópọ̀n inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó wọn ìwọ̀ orí rẹ̀, a ó yàwòrán rẹ̀, a ó fi wé gbogbo èyí tí àwọn tó ṣáájú ti kọ sílẹ̀. Ó lè gba oṣù púpọ̀, ó lè gba ọdún, kí a tó lè fi ìdánilójú sọ pé aràn kan jẹ́ tuntun kí a sì fún un lórúkọ. Ẹni tí kò lè jókòó sójú kan kò lè ṣe é.

Àǹfààní wo ló wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò bìkítà nípa orúkọ aràn? Ẹyin aràn ń jáde pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹja sínú òkun, ẹ̀dá omi tín-ín-rín kan yóò jẹ ẹ́, ẹja kékeré tàbí edé yóò jẹ ẹ̀dá náà, àkùrákùdà yóò wá jẹ ẹja kékeré. Nítorí náà, aràn inú ìfun ń sọ ohun tí àkùrákùdà ń jẹ fún wa, àní nígbà tí ikùn rẹ̀ bá ṣófo. Aràn tún máa ń fa irin olóró mọ́ra. Ní Ìyawọlẹ̀ Omi Páṣíà (Persian Gulf), Malek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2007 pé òjé àti kádímíọ́mù (cadmium) inú aràn àkùrákùdà kan níbẹ̀ ju èyí tó wà nínú ẹran ara ẹja náà lọ fíìfíì. Ẹ ronú nípa omi tiwa, pẹ̀lú epo rọ̀bì àti ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàn sínú ọ̀sà. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó máa wáyé ní etíkun wa ní gbogbo ìgbà.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí. Àwọn onímọ̀ tó ń ka ẹja láyé ti wo irú àkùrákùdà, stingray àti àwọn mọ̀lẹ́bí wọn 1,199, wọ́n sì sọ ní 2021 pé ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta wọn lọ tó wà nínú ewu àkúrun, ẹja pípa láṣejù ló sì fà á jù. Etíkun Nàìjíríà gùn tó nǹkan bí 853 kìlómítà, àwọn apẹja sì ń kó ẹja wọ̀nyí wálé níbẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú odò Ọya àti odò Benue pàápàá, stingray kan wà tó ń gbé omi tútù tí kò níyọ̀, Fontitrygon garouaensis, 1962 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lórúkọ. Bí irú ẹja kan bá tán, aràn tó jẹ́ pé inú rẹ̀ nìkan ló lè gbé yóò bá a lọ, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì tíì la ìfun náà, a kò ní mọ̀ láé pé ó wà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo fi ń wá ìyìn. Mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí yóò kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ẹ bi mí níbo ni òkun wà ní Òṣogbo. Odò Ọ̀ṣun tó ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ilé yín, ọ̀sà Lẹ́kkí ló ń lọ, láti ibẹ̀ ó di òkun. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó wúlò fún ọmọ yín ni pé kò nílò òkun láti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ àti ojú ni yóò kọ́kọ́ kọ́, ẹja àrọ̀ sì lè kọ́ ọ. Inú ìfun àrọ̀ ni aràn pẹlẹbẹ kan wà tí ìwé àtijọ́ ń pè ní Polyonchobothrium clarias, tí àwọn onímọ̀ òde òní ń pè ní Tetracampos ciliotheca. Kí ó má lọ ra àrọ̀ inú adágún tí wọ́n ń fi oúnjẹ oníhóró bọ́. Aràn kì í sábà sí nínú ìyẹn torí ẹja náà kì í jẹ ẹ̀dá omi tó ń gbé ọmọ aràn. Kí ó ra èyí tí wọ́n fi àwọ̀n mú ní adágún Erinlẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹja inú igbó Ọ̀ṣun rárá: a kì í pa á, ìwádìí kò sì tó ìdí láti tẹ ohun tí ìlú bọ̀wọ̀ fún mọ́lẹ̀. Bí ó bá lè tú aràn àrọ̀ láìjẹ́ kí orí rẹ̀ já, tó rẹ ẹ́ ní aró, tó sì yàwòrán rẹ̀ tó dọ́gba pẹ̀lú tinú ìwé, ó ti mọ iṣẹ́ dé ìdajì. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ó wá wá òkun lọ. Àwọn ará Ìlàjẹ ń pẹja lójú òkun gan-an, Yorùbá sì ni wọ́n ń sọ; bí ó bá kí ìyá àgbà tó ń yan ẹja ní Àyétòrò dáadáa, tó sì bá a gbé agbọ̀n, ìfun ẹja yóò pọ̀ fún un ju bí ó ṣe lè là lọ. Ìbádọ́rẹ̀ẹ́ yẹn ni àwọn òyìnbó ń ná owó ńlá wá.

Ó wá ku owó, mi ò sì ní tàn yín. Ibi tí wọ́n ti ń gba ènìyàn kìkì nítorí pé ó mọ aràn àkùrákùdà kò pọ̀, ní ilẹ̀ wa tàbí lókè òkun. Ẹni tó bá dúró sí i níbí, iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ló sábà máa ń jẹ, tàbí iṣẹ́ ní ilé-ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Victoria Island ní Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975. Ẹ sì mọ ohun tí iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì jẹ́. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, kò parí títí di oṣù kẹwàá, ọ̀pọ̀ ilé ni kò rí owó oṣù ní gbogbo àsìkò yẹn. Owó ìwádìí ń wá, ó sì ń pẹ́. Mo mọ ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra ẹtanóòlù.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹ̀yin ọlọ́jà lẹ mọ èyí jù. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá bá mi lórí iṣẹ́ yìí ni pé kí ó kọ́ nǹkan kejì tí ọwọ́ kan náà lè ṣe. Ojú tó mọ aràn ẹja lè mọ ti ènìyàn. Ní àyíká Erinlẹ̀ àti àwọn abúlé etí omi wa, àwọn ọmọdé ṣì ń tọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kòkòrò tí wọ́n ń kó nínú omi, àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ sì ń fẹ́ ẹni tó mọ máíkírósíkóòpù lò. Àwọn tó ń sin àrọ̀ náà ń pàdánù ẹja láìmọ ohun tó pa á. Ẹni tó bá lè la ẹja wọn kó sì sọ ohun tó rí, wọn yóò sanwó fún un. Ìmọ̀ DNA tún wà, ilé-iṣẹ́ ìlera ń lò ó, àwọn ọlọ́pàá ń lò ó. Ẹlẹgbẹ́ mi kan fi àyẹ̀wò ẹja àwọn ọlọ́sìn tọ́ ọmọ rẹ̀ nígbà tí owó oṣù kò wọlé, aràn òkun rẹ̀ kò sì dúró.

Nǹkan kan wà tí ẹ̀yin nìkan lè ṣe, torí ọmọ yín yóò dá yín lóhùn bí kò ṣe lè dá olùkọ́ lóhùn. Ẹ bi í bóyá aràn ni ó fẹ́ràn, tàbí àkùrákùdà. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wá sọ́dọ̀ mi, àkùrákùdà gan-an ni ọkàn wọn wà, wọ́n kàn rò pé aràn ni ilẹ̀kùn tó ṣí. Bí ti ọmọ yín bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó má fi ọdún rẹ̀ ka kórópọ̀n aràn. Iṣẹ́ kíka ẹja ní etí omi àti dídá ẹja tó wà nínú ewu mọ̀ ló yẹ kí ó kọ́. Nítorí ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Panama ní 2022 nínú ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, gbogbo ẹbí àkùrákùdà Carcharhinidae, àwọn tí apẹja wa ń pa lójoojúmọ́, ni kò ṣeé kó kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Ìjọba nílò ẹni tó lè wo lẹbẹ gbígbẹ kó sì sọ irú rẹ̀. Iṣẹ́ rere nìyẹn pẹ̀lú, owó rẹ̀ sì lè tètè dé ju tiwa lọ. Bí ó bá sì jẹ́ aràn ni, ẹ ó mọ̀ lójú rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣàlàyé fún yín.

Ẹ má ta ilẹ̀. Mo sọ èyí láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tí mo dárúkọ lókè wà, ẹni tí yunifásítì bá gbà fún ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè kì í sábà san owó ilé-ìwé; wọ́n máa ń fún un ní iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́, wọ́n sì ń san owó oṣù fún un. Ìjọba Jámánì ń fúnni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nípasẹ̀ àjọ DAAD, ti Commonwealth náà wà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-ìwé tó bá ní kí ẹ kó gbogbo owó wá kí ó tó lè gba ọmọ yín fún irú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí ó kọjá lọ. Ohun tó ń mú kí olùkọ́ òkè òkun yan akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ̀rí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ẹ̀rí yẹn sì ṣeé kó jọ níbí. Kí ó ṣe máásítà rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ tàbí ní Yunifásítì Èkó lábẹ́ ẹni tó mọ kòkòrò àfòmọ́, kí ó sì fi aràn ẹja wa ṣe ìwé àṣejáde rẹ̀. Nígbà tó bá ń kọ̀wé sí olùkọ́ lóhùn-ún, kí ó má kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Kí ó fi àwòrán aràn tó rẹ ní aró ránṣẹ́, kí ó dárúkọ ẹja tó ti rí i, kí ó sì béèrè ohun kan ṣoṣo tó rú u lójú. Àwọn olùkọ́ yìí máa ń dáhùn irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Owó máásítà, owó ìwé ìrìnnà, owó ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì àti owó físà ni kí ẹ máa dá àjọ lé lórí láti ìsinsìnyí lọ, nítorí àwọn wọ̀nyí ni ẹlòmíràn kì í sábà bá ni san. Ní ti ilẹ̀ ọ̀nà Ìlobùú, ẹ lọ ṣe ìwé rẹ̀ sí orúkọ ọmọ náà.